Ẹni Méjì Lórí Rọ́bà Kan

Òkun tó pààlà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé kì í ṣe òkun ńlá. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹni tó dúró lórí òkè funfun etíkun Kent á rí òkè ti ọ̀hún kedere, á sì rò pé bí òun bá ju òkúta, á dé ibẹ̀. Ẹ̀tàn ni. Lóṣù Èrèlé ọdún 1943, omi yẹn tutù débi pé ọkùnrin alágbára tó bá já sínú rẹ̀ kò ní ju wákàtí méjì lọ kó tó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Ogun ti sọ ọ́ di ibojì àwọn ọ̀dọ́, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àti ọmọ Jámánì, òkun ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó ti wá.

Lókè funfun yẹn ni pápá bàlúù àwọn tí ń yọ ènìyàn nínú omi wà. Bàlúù mẹ́rin ni wọ́n ní. Walrus ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, orúkọ ẹranko inú òkun kan tó sanra tí kò sì lẹ́wà, orúkọ náà sì bá a mu gan-an. Ìyẹ́ rẹ̀ wà ní méjì-méjì lórí ara wọn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, ikùn rẹ̀ rí bí ikùn ọkọ̀ ojú omi, táyà rẹ̀ sì ń ká mọ́ra, nítorí náà ó lè gbéra lórí ilẹ̀ kó lọ bà sórí omi. Kò lè sáré. Àwọn ọmọkùnrin tí ń wa bàlúù ìjà a máa fi í ṣẹ̀sín nílé ọtí pé ẹyẹ ń kọjá lára rẹ̀. Ẹni tó bá ti wà nínú omi kì í fi í ṣẹ̀sín.

Sájẹ́ǹtì Amos Kettley, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ló ń jókòó ti rédíò nínú ọ̀kan nínú wọn. Bí bàlúù bá ti bà sómi, òun náà ni yóò yọ lójú ihò iwájú, tí yóò fi ọ̀pá oníkọ́ fa ẹni tó ń rì. Apá rẹ̀ gùn, àyà rẹ̀ gbòòrò, ẹnu rẹ̀ sì mú ju méjèèjì yẹn lọ. Denzil Trewin, ará Cornwall, ló ń wa bàlúù náà, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ tí kò bá nídìí. Láàárín oṣù márùn-ún, àwọn méjèèjì ti yọ ènìyàn mọ́kànlá.

Wọ́n ní àṣà kan ní àgọ́ yẹn. Ẹni tí wọ́n bá yọ, wọ́n á gbé e nàró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú bàlúù, wọ́n á fi ọwọ́ ra á lẹ́sẹ̀ àti lápá kíkankíkan, wọ́n á da ọtí rọ́ọ̀mù sí i lọ́fun, òun náà á sì rìn lọ síwájú láti bọ awakọ̀ lọ́wọ́. Bó bá ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ báyìí, ó ti di ẹni ìyè nìyẹn. Nínú mọ́kànlá tí Amos yọ, mẹ́rin kú kí wọ́n tó dé èbúté, lẹ́yìn ọtí, lẹ́yìn ìbọwọ́. Wọ́n ní òkun ló ti pa wọ́n tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó wádìí ọ̀rọ̀ náà, torí inúure ni wọ́n fi dá àṣà náà sílẹ̀, ta ni yóò sì bi inúure léèrè ọ̀rọ̀?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́rú kan, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, tẹlifóònù dún nínú àgọ́ onípáànù. Haverill tí í ṣe ọ̀gá wọn ló gbé e. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó gbé tẹlifóònù padà, ó wá wo Amos.

"Kettley," ó ní, "àbúrò rẹ ni."

Amos fi kọ́ọ̀pù tíì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Clem Kettley, ọmọ ogún ọdún, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ bàlúù ìjà, ló ti já sómi láti nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Awakọ̀ tí wọ́n jọ lọ rí i tí agboòrùn tó fi fò jáde nínú bàlúù ṣí, ó rí i tó bọ́ sómi. Bàlúù Jámánì tí wọ́n jọ ń jà náà já sí tòsí ibẹ̀. Máìlì mẹ́rin péré ni ibẹ̀ sí etíkun Faransé, níbi tí àwọn Jámánì kó bọ́ǹbù sí nínú omi.

Ìyá wọn, opó ni, ó ń gbé ní Whitstable. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló bí. Walter tó wà láàárín ti bá ọkọ̀ ogun rì lọ́dún kejì ogun, wọn ò sì rí ohunkóhun sin. Nígbà tí Clem ní òun fẹ́ wọṣẹ́ bàlúù, ìyá kọ̀ jálẹ̀, Amos ló bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì lórí tábìlì ilé ìdáná, ó ní, "Màmá, bí Clem bá bọ́ sómi, ọwọ́ tèmi yìí ni yóò fà á jáde láàyè." Ìyá wo ọwọ́ náà pẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí lẹ́tà kan tó kọ sí Amos tí kò fi béèrè Clem kó tó béèrè òun fúnra rẹ̀.

Haverill tẹ́ àwòrán atọ́nà òkun sórí tábìlì. Àwọn mẹ́rin ló yí i ká: òun, Trewin, Amos, àti Bàbá Jethro Mockett. Bàbá yìí ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ó sì fi ọgbọ̀n ọdún jẹ́ olórí ọkọ̀ tí àwọn apẹja fi ń gba ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá rì. Torí pé ó mọ ìṣàn omi bí ẹni mọ ọ̀nà oko rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é wá sí ìgbìmọ̀.

"Ìgbì ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lónìí," Haverill ní. "Ẹ lè bà sórí omi. Ẹ ò ní lè gbéra padà. Bọ́ǹbù sì wà níbẹ̀ bí ọ̀dùnkún nínú ebè. Ọkọ̀ ojú omi tiwa máa tó wákàtí mẹ́ta kó tó débẹ̀."

"Á ti kú nígbà náà, sà," Amos ní.

"Mo mọ̀. Ẹni kan ló wà nínú omi, Kettley. Ẹ̀yin méjì àti bàlúù kan ni mo fẹ́ fi rà á. Irú ọjà wo nìyẹn?"

Trewin dáhùn. "Ọjà tí a wá ná níbí nìyẹn, sà."

Haverill kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó ti kọ lẹ́tà sí ìyá àti bàbá ọ̀pọ̀ ọmọ, ọkàn rẹ̀ sì ti yi. "Ẹ máa lọ. Àmọ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí yín, mi ò ní rán ẹlòmíràn wá. Mi ò ní rán ẹnikẹ́ni wá gbé òkú yín pàápàá. Ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, sà."

Bàbá Mockett ti ń wo àwòrán náà láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ibì kan mọ́lẹ̀. "Ẹ má wá a síbi tó já sí. Ìṣàn omi ti yí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án. Ibí ni kí ẹ wá a." Ó wá gbójú sókè. "Nǹkan kan kù. Bí ẹ bá rí i, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. Ẹ má gbé e nàró, ẹ má ra á lẹ́sẹ̀, ẹ má fún un lọ́tí. Ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti tutù bí omi òkun. Bó bá dìde, gbogbo òtútù yẹn á ya lu ọkàn rẹ̀."

Ẹ̀rù ń ba Amos, ẹnu ló sì máa fi ń bo ẹ̀rù. "Bàbá, ènìyàn la fẹ́ lọ gbé o, kì í ṣe ẹja. Ẹja lẹ máa ń tẹ́ sílẹ̀ gbalaja."

Haverill pàápàá rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá náà kò bínú.

"Mo ti tẹ́ tó ọgọ́rin ènìyàn sílẹ̀ gbalaja láyé mi," ó ní. "Àwọn tí ìwọ gbé nàró ńkọ́? Mélòó ló ń jẹun lónìí?"

Amos àti Trewin mú fìlà wọn.

Nígbà tí wọ́n ń sáré lọ síbi bàlúù, Trewin di Amos lápá mú. "Gbọ́. Mi ò ní kọ orí bàlúù yìí sílé láìjẹ́ pé ọmọ yẹn wà nínú rẹ̀. Mo fi ìyá mi búra."

"Má fi ìyá búra," Amos ní. "Ìyá kan ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ná. Ó tó."

Wọ́n fò nílẹ̀nílẹ̀, ìkùukùu bo orí wọn, omi dúdú wà lábẹ́ wọn. Níbi tí àtàǹpàkò bàbá tẹ̀ gan-an ni Amos ti rí nǹkan pupa kan tó ń fò sókè tó ń rì. Ọkọ̀ rọ́bà ni, irú èyí tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó sí. Orí méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Wọ́n jẹ́ méjì," ó sọ fún Trewin. "Ẹlòmíràn wà níbẹ̀."

"Clem ńkọ́?"

"Ó ń juwọ́. Denzil, ó ń juwọ́."

Trewin gbé bàlúù náà lé ìgbì bí ẹni gbé ìkòkò lé ilẹ̀ òkúta. Ó lu ìgbì lẹ́ẹ̀kíní, ó fò, ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì, irin ké nínú ikùn rẹ̀, ó dúró. Ìbọn ńlá etíkun Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìṣù omi funfun mẹ́ta dìde níwájú wọn, ọ̀kan dìde lẹ́yìn, wáyà rédíò já dànù. Amos ti wà lójú ihò iwájú, ó ń fi ọwọ́ júwe ọ̀nà: òsì, òsì sí i, dúró. Bọ́ǹbù kan tó dúdú tó sì ní ìwo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní ìwọ̀n ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Ó di ọ̀pá náà mọ́ àyà, kò mí títí ó fi kọjá.

Bí wọ́n ṣe sún mọ́ rọ́bà náà, ó gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀, ó ti há, ẹnu rẹ̀ sì ti wúwo.

"Ẹ̀gbọ́n, o pẹ́ o. Mo ti fẹ́ máa fẹsẹ̀ rìn lọ sílé."

Clem fi apá kan rọ̀ mọ́ rọ́bà, ó fi ìkejì di ọ̀já ẹ̀wù ẹnìkejì mú kó má bàa rì. Ẹnìkejì náà wọ aṣọ Jámánì. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ètè rẹ̀ ti dúdú.

"Èyí ni kí o kọ́kọ́ fà," Clem ní. "Kò lágbára mọ́. Ewald ló ń jẹ́."

"Ṣé òun kọ́ ló já ẹ bọ́?"

"Òun ni. Èmi náà sì já a bọ́, a ti parí ìyẹn. Rọ́bà tèmi ya. Tiẹ̀ lèyí, òun ló pè mí wá síbẹ̀."

Amos kò gbọ́ èyí tó kù. Ó na ọ̀pá, ó fi kọ́ ọ̀já àyà Clem, ó fà á, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá rẹ̀, ó sì gbé e wọlé ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó fẹ́ ti ihò náà, Clem fi ara dí i.

"Bí o bá fi í sílẹ̀, Amos, màá padà bọ́ sómi. Mo búra fún ẹ."

Amos mọ agídí àbúrò rẹ̀. Ó fi ìbínú kọ́ ará Jámánì náà lọ́rùn ẹ̀wù, ó wọ́ ọ wọlé bí àpò ẹ̀dú, ó wọ́ ọ lọ sẹ́yìn bàlúù, ó tú u dà sórí pákó. Ọkùnrin náà nà gbalaja síbẹ̀. Amos fa aṣọ tó nípọn tí wọ́n fi ń bo ẹ́ńjìnnì, ó jù ú lé e láti ọrùn dé ẹsẹ̀, kì í ṣe torí àánú, aṣọ ogun ọrùn rẹ̀ ni kò fẹ́ máa rí. Kúbùsù méjì ló wà nínú bàlúù, ó sì kó méjèèjì fún Clem. Ti ọtí, kò tilẹ̀ rò ó. Ọtí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ò ní kọjá lọ́fun ẹni tó já àbúrò òun bọ́.

"Dìde kí n rí ẹ," ó ní fún Clem.

Clem dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín, Amos gbá a mọ́ra débi pé omi ẹ̀wù rẹ̀ ń ya sílẹ̀. Inú Amos dùn ju bó ṣe dùn rí láyé rẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ń ra ẹsẹ̀ Clem, ó ń ra itan rẹ̀, ó ń ra á tagbáratagbára.

"Ìgò yẹn dà?" Clem ní. "Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé ọtí. Ṣé tèmi ni wọn ò ní fún mi?"

Ọ̀rọ̀ Bàbá Mockett wá sí Amos lọ́kàn. Mo ní ó wá sí i lọ́kàn, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ó gbàgbé. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ rèé tó dúró, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ bó ti máa ń béèrè láti kékeré, kò sì sí ọjọ́ tí Amos lè sọ fún ọmọ yẹn pé rárá. Ó ṣí ìgò. Clem mu ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n.

"Màmá á ṣe páì ẹran fún mi lọ́jọ́ Sátidé," ó ní. "Má sọ fún un pé mo bọ́ sómi. Sọ fún un pé mo lọ wẹ̀."

Ó wá rìn lọ síwájú bí àṣà ti wí. Trewin ń bá ìgbì jà, kò lè wẹ̀yìn, ó kàn na ọwọ́ òsì sẹ́yìn. Clem bọ̀ ọ́.

"Káàbọ̀, ọmọ," Trewin ní.

Ọwọ́ náà ṣì wà nínú ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí orúnkún Clem yẹ̀. Amos kọ́kọ́ rò pé ìgbì ló gbé e ṣubú, ó tiẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọtí ti ń pa á. Nígbà tó yí i padà, ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sì wo ibì kankan. Amos pè é. Ó gbá a létí. Ó gbé ìgò sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan sí i, ọtí náà sì ń ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ọkàn ọmọ ogún ọdún náà dákẹ́, kò sì lù mọ́.

Trewin gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láti gbéra, ìgbì ń fa bàlúù náà padà. Ó wá kọjú rẹ̀ sílé, ó ń wà á lórí omi bí ọkọ̀, máìlì mẹ́rìndínlógún. Lẹ́yìn wákàtí kan, omi ti ń gba ibi tí irin ti ya wọlé. Wọ́n ju ìbọn méjèèjì tó wà lára bàlúù sómi, wọ́n ju rédíò, ìdákọ̀ró àti bàtà ẹsẹ̀ wọn. Ó ṣì ń rì.

"Amos," Trewin ní láìwẹ̀yìn, "òkú wúwo."

"Ìyẹn ni kí a jù." Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn bàlúù.

"Ìyẹn ń mí."

"Mo ní ìyẹn ni kí a jù, Denzil."

Amos lọ sẹ́yìn. Ó mú ará Jámánì náà ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ọkàn rẹ̀ sì le, ó ti pinnu rẹ̀. Ọkùnrin náà la ojú díẹ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ pa òun. Ó wo Amos, ó wá nǹkan tó fẹ́ sọ títí.

"Clem?" ó ní.

Ìyẹn nìkan ló lè sọ. Amos fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó bọ́ akoto orí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbọ́n omi dànù, kò sì dúró fún wákàtí méjì àbọ̀ títí èékánná ọwọ́ rẹ̀ méjì fi ṣí. Wọn ò ju ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán ni wọ́n wọ èbúté. Dókítà kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí àgọ́ wọn lọ́sẹ̀ náà ló dúró dè wọ́n, Ormerod ni orúkọ rẹ̀, kò tíì mọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé méjèèjì sílẹ̀ lórí òkúta èbúté. Ibi tí ẹ̀mí wà ló kọ́kọ́ lọ. Ó di ọrùn ọwọ́ ará Jámánì náà mú, ó ṣí aṣọ tó nípọn yẹn, ó ń mi orí.

"Ta ló tọ́jú eléyìí?"

"Èmi ni, sà," Amos ní.

"O tẹ́ ẹ sílẹ̀ báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀? O ò gbé e nàró?"

"Rárá, sà."

"O fún un lọ́tí?"

"Rárá."

"O ra á lára?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án."

"O káre, sájẹ́ǹtì. Gbogbo àgọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ ni mo ti ń pariwo ọ̀rọ̀ yìí. Ọtí àti ìfẹ́ ni wọ́n fi ń pa wọ́n. Ìwọ lo gba ẹ̀mí ọkùnrin yìí là, màá sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí lorúkọ rẹ?"

"Kettley, sà."

Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pélébé ọwọ́ rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi èyí tí kúbùsù bò, ó ṣí i, òórùn ọtí sì kọlu imú rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Èyí ńkọ́? Òpònú wo ló ṣe èyí?"

"Èmi ni," Trewin yára sọ. "Èmi ni mo ní kó wá bọ̀ mí lọ́wọ́."

Dókítà fa àmì orúkọ tó wà lọ́rùn òkú náà jáde, ó nù ún, ó kà á. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó tún ka ti ọrùn òkú. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo Amos.

"Má purọ́ torí mi, Denzil," Amos ní. Ẹsẹ̀ lásán ló fi dúró lórí òkúta tútù náà. "Èmi ni mo fún un, sà. Àbúrò mi ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tí mo kórìíra ni mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."